Kí la ó pe ìdíje tí katakata ti ń wọ́ ẹrù?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká pe ìdíje yìí, tí katakata kọ̀ọ̀kan ti ń wọ́ ẹrù lórí pápá ká lè mọ èyí tó máa wọ́ ọ jìnnà jù, ní "fífa katakata", ká pe ohun tí wọ́n ń so mọ́ katakata lẹ́yìn ní "ọmọlanke", ká sì pe gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí katakata náà kó tó dé orí pápá ní "àtúnṣe". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó dá wọn lábàá, àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ní ọ̀rọ̀ sí.

Ti àkọ́kọ́ ló ká mi lára jù. Tá a bá ní "fífa okùn", okùn là ń fà. Tá a bá ní "fífa ọkọ̀", ọkọ̀ ti dákú, wọ́n sì ń fà á lọ. Ẹni tó bá wá gbọ́ "fífa katakata" á rò pé àwọn géńdé kan ló so okùn mọ́ katakata tí wọ́n ń fà á, bẹ́ẹ̀ katakata gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, "fà" kò sọ fún wa bóyá ohun tí wọ́n ń fà kan ilẹ̀. "Wọ́" ló sọ ọ́. Nítorí náà, "ìdíje ẹrù wíwọ́" ni mo fara mọ́, ká fi "ti katakata" kún un níbi tó bá ti pọn dandan. Ó bá ìtàn rẹ̀ mu pẹ̀lú: ẹṣin làwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń fi wọ́ ẹrù díje, kí katakata tó wọ̀ ọ́ ní 1929, ní ìpínlẹ̀ Missouri àti Ohio.

Àwọn tó fẹ́ "ẹ̀rọ ìtúlẹ̀" dípò katakata, ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ń túlẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọlanke wá ńkọ́? Títì là ń ti ọmọlanke, táyà rẹ̀ sì wà kí ẹrù lè fúyẹ́ fún ẹni tó ń tì í. Iṣẹ́ ohun tá à ń wí yìí ni pé kí ẹrù túbọ̀ máa wúwo bí katakata ṣe ń lọ. Ó ní táyà lẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ irin pẹlẹbẹ ló wà níwájú rẹ̀, tó ń ha ilẹ̀. Àpótí irin ńlá kan jókòó sórí táyà ẹ̀yìn níbẹ̀rẹ̀. Bí katakata bá ti ń wọ́ ọ, táyà yẹn á máa yí ẹ̀rọ tó ń fa àpótí náà bọ̀ síwájú, títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi kúrò lórí táyà tí yóò sì bọ́ sórí irin pẹlẹbẹ. Irin náà á di mọ́ ilẹ̀, katakata á sì dúró. Kí wọ́n tó ṣe irú èyí, èèyàn ló máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tí wọ́n á máa gun orí pákó tí katakata ń wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá, kó lè wúwo sí i. "Àwọ́lẹ̀" ni kó máa jẹ́. Ẹ má ṣe kọ ọ́ ní "awọ́lẹ̀" o: ẹni tó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀ nìyẹn, ìyẹn katakata. Ohun tí wọ́n ń wọ́ ni àwọ́lẹ̀. Àmì orí "a" yẹn ló ya olùṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá lábàá, òun ló sì ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ yan katakata tó máa fi díje. Gbogbo wa ń pariwo "agbára". Ẹ́ńjìnnì lè lágbára títí, bí táyà bá ń yí lójú kan, asán ni. Ohun tí táyà ń ṣe sí ilẹ̀ nígbà tí kò yọ̀ ni mo ń pè ní "ìmúlẹ̀". Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní ìmùlẹ̀ ni mò ń wí, èyí táwọn ọ̀rẹ́ ń bára wọn ṣe. Ohùn ti yà wọ́n. Nítorí ìmúlẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ eyín táyà kó lè mú, tí wọ́n ń dín atẹ́gùn inú rẹ̀ kù kó lè tẹ́ sílẹ̀ dáadáa. Nítorí rẹ̀ náà ni gíga ìkọ́ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń so àwọ́lẹ̀, ṣe ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Bí ìkọ́ bá ga, ìwúwo àwọ́lẹ̀ á túbọ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, àmọ́ imú katakata á gbéra nílẹ̀. Òfin wá fi ààlà sí i, kò gbọ́dọ̀ ga ju ínṣì 20 lọ nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀rí ìdíje náà. Irin ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́ iwájú wà kí imú má bàa gbéra jù, irin méjì tó yọ lẹ́yìn sì wà kí katakata má bàa ta òkìtì sẹ́yìn. Ẹni tó ń yan katakata á kọ́kọ́ wo bí gíà àti irin tó gbé táyà ẹ̀yìn dúró ṣe nípọn tó, torí ibẹ̀ ló máa ń já nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti le ju bó ṣe wà lọ.

Ìyẹn ló jẹ́ kí "àtúnṣe" má tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Katakata tí wọ́n ki tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì) tó tóbi bọ̀, tí wọ́n jẹ́ kí pọ́ǹpù rẹ̀ máa da epo dísẹ́ẹ̀lì púpọ̀ sí i, tí wọ́n tú ohun tí kì í jẹ́ kí eré ẹ́ńjìnnì kọjá ààlà, kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún un tò fún iṣẹ́ mìíràn ni. "Àtúntò" ni.

Ó ku ibi tí eré ń parí sí. Mítà 100 ni pápá náà ní ọ̀pọ̀ ibi. Katakata tó bá wọ́ àwọ́lẹ̀ dé òpin pápá ti ṣe "àwọ́dópin". Bí méjì tàbí mẹ́ta bá ṣe é, wọ́n á fi ìwọ̀n kún àwọ́lẹ̀, wọ́n á sì tún padà síbi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni mo fẹ́ ká pè ní "àtúnwọ́". Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù ú, kó gbé e wá, àmọ́ kó rí i pé "wọ́" wà nínú rẹ̀.