Bingo ò jẹ́ ká kán oògùn sí etí ẹ̀ o, ẹ gbà wá

Ìyá Tèmi, Manchester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ta ló ń sin ajá nínú wa níbí? Bingo wa, cocker spaniel ni, etí ẹ̀ gùn wálẹ̀ gan-an, ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń gbọn orí ṣáá, tó bá ń họ etí ọ̀tún á máa ké, ìdọ̀tí dúdú ń jáde, ó tún ń rùn. A gbé e lọ bá vet, wọ́n fi òwú gba díẹ̀ nínú ẹ̀ wò, wọ́n ní yeast ni, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ ẹ̀yà olú, wọ́n wá fún wa ní omi tá a máa fi fọ etí àti oògùn tá a máa kán sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tó bá ti rí ìgò yẹn lásán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ. Bàbá Tèmi dì í mú lánàá, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó kùn mọ́ wọn, ló bá já mọ́ wọn lọ́wọ́, oògùn dà sí kápẹ́ẹ̀tì. Àǹtí mi nílé ní ká kán àdí sí i. Kí ni ká ṣe, ẹ jọ̀ọ́? Àánú ẹ̀ ń ṣe mí.

Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, Houston
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má kán àdí o! Ihò etí ajá ò rí bíi tiwa, ó máa kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀ ná kó tó ṣẹ́ kọ́nà wọnú, bíi lẹ́tà L. Òróró tẹ́ ẹ bá dà síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa jókòó sí, á pò mọ́ ìdọ̀tí, oògùn gan-an ò wá ní ráyè dé ara. Spirit, peroxide, ọtí kíkan, ẹ má fi ìkankan síbẹ̀, etí tó ti bó lá máa ta á bí iná. Oògùn etí àwọn ọmọ tó ṣẹ́kù nínú fìríìjì náà, ẹ má dán an wò, torí àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé tí awọ inú etí bá ti ya, wọ́n lè ba ìgbọ́ràn ajá jẹ́, ìdí nìyẹn tí vet fi máa ń tan iná wonú etí kó tó fúnni lóògùn.

Àǹtí Kẹ́mi, Leeds
Ìyá Tèmi, clinic ẹranko ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, á gùn o. Kùn tó kùn yẹn, ẹ má nà án, ẹ má sì jágbe mọ́ ọn. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ajá tí wọ́n bá ti nà torí ó kùn, tó bá dijọ́ mìíràn ó lè má kùn mọ́, á kàn bu èèyàn jẹ ni. Kó tó kùn rárá ló ti máa ń sọ̀rọ̀: á máa yán nígbà tí oorun ò kùn ún, á máa lá ètè, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan síbẹ̀ ẹ ó máa rí funfun ojú ẹ̀, ìrù á wọ abẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí, ẹ dúró.

Ẹ má sì gbàgbé pé etí yẹn ń dùn ún. Ẹ pe vet padà, ẹ sọ fún wọn pé kò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án, wọ́n lè fún un ní oògùn ìrora tàbí èyí tó máa jẹ́ kí ara ẹ̀ balẹ̀. Ẹ má fún un ní ibuprofen tiyín o, májèlé ni fún ajá.

Ẹ má fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sílẹ̀ ní kíṣìnì kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má yọ̀, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Bàbá Tèmi á mú abọ́ tí wọ́n fi bọ́tà ẹ̀pà ra nídìí, á máa lá a lọ. Ẹ ka ara ìgò bọ́tà yẹn dáadáa, tí xylitol, ìyẹn ohun àdídùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà, bá wà níbẹ̀, wọ́n tún ń pè é ní E967 tàbí birch sugar, ẹ má fún un, ó lè pa ajá.

Ẹ wá ki ìgò oògùn sápò fúngbà díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí oògùn tútù ló máa ń jẹ́ kí wọ́n fò sókè. Ẹ gbé etí ẹ̀ sókè díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ fi ẹnu ìgò sójú ihò, ẹ má kì í wọlé, ẹ kán iye tí wọ́n kọ, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ra ìdí etí, níbi tó ti le bí eegun nísàlẹ̀ yẹn, ẹ máa gbọ́ tó ń dún ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ nínú, ìyẹn ni pé ó ti ń dé kọ́nà tí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun sọ. Ẹ fi í sílẹ̀ kó gbọn orí, ẹ fi òwú nu ìta nìkan. Igi òwú tá a fi ń rotí, ẹ má lò ó rárá, ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí wọnú.

Ti omi ìfọtí, ariwo tó ń ṣe ṣùúù létí wọn ló ń dẹ́rù bà wọ́n jù. Ẹ rẹ òwú ńlá sínú omi náà, ẹ gbé e sójú ihò, kẹ́ ẹ fún un síbẹ̀. Kò ní gbọ́ ariwo kankan. Tó bá gbẹ díẹ̀ tán lẹ tó kán oògùn. Ẹ bi vet bóyá ojoojúmọ́ lẹ máa fọ̀ ọ́, kì í ṣe gbogbo ajá ló nílò ẹ̀.

Nígbà tí kì í ṣe àkókò oògùn, ẹ wá ìgò mìíràn tó ṣófo, ẹ lọ sí pálọ̀, kì í ṣe kíṣìnì. Ẹ gbé ìgò sílẹ̀, ẹ fún un ní ẹran adìyẹ tí ò níyọ̀, ẹ gbé ìgò kúrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti ń wá bá ìgò fúnra ẹ̀, ẹ fọwọ́ kan etí tí kò dùn ún, ẹran. Ẹ gbé etí sókè, ẹran. Ẹ fi ìgò kan irun ẹ̀, ẹran. Ẹ má kánjú o, tó bá sá, ẹ padà sí ìpele tó ti fara balẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ́gun, Houston
Ọ̀rọ̀ gidi. Tí kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ bi vet nípa èyí tí wọ́n máa ń fi sí i ní clinic fúnra wọn. Níbí Claro la ń pè é, ẹ̀ẹ̀kan péré, á máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Ti ọ̀dọ̀ yín Neptra ni. Owó ẹ̀ máa ń ju ti kíkán lọ, awọ inú etí sì gbọ́dọ̀ wà lódidi kí wọ́n tó lè lò ó. Kó má ta sí wọn lójú o, ojú ajá àti ojú èèyàn.

Ìyá Tèmi, Manchester
Olúwa á bù kún yín. A fún òwú lálẹ́ yìí, kò tiẹ̀ gbórí kúrò nínú abọ́! Tó bá dẹ́kun họhọ ńkọ́, ṣé a lè dá oògùn dúró?

Àǹtí Kẹ́mi, Leeds
Rárá o. Ẹ lò ó pé iye ọjọ́ tí wọ́n kọ, kẹ́ ẹ gbé e padà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, torí òórùn lè lọ kí yeast ṣì wà nísàlẹ̀. Tó bá tún ń padà wá, ẹ bi wọ́n nípa àlọ́jì, ìyẹn ló wà nídìí ọ̀pọ̀ etí dídùn ajá. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ sì lè ní kí wọ́n kọ ìwé oògùn fún yín, kẹ́ ẹ lọ rà á ní ilé oògùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gba owó ìwé lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ẹ̀ wò bóyá ó dín sí ti clinic.