Mo ti ra táyà o, ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi tí mo béèrè lọ́jọ́sí pé táyà wo ló dáa fún máṣíìnì mi, alùpùpù Honda CB500X, torí títì ni mò ń gùn láàárọ̀ láti Kubwa wọ Wuse l'Ábújá àmọ́ tó bá di Sátidé màá forí lé ọ̀nà eléruku apá Gurara. Mo ti rà á o.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní kí n wo nọ́ńbà mẹ́rin ara táyà kí n tó sanwó, Ọlọ́run á bù kún yín, torí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi tó ń dán bíi bàtà ọdún, 1417 ló wà lára ẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó le gbagidi, mo ní ẹ gbé e padà. Èyí tí mo wá rà, alábọ́ọ́dé ni, ti títì àti ti ọ̀nà eléruku, ó ń hó lórí títì (ìyàwó mi ní bí ẹ̀rọ ìlọta ló ń dún) ṣùgbọ́n ó di ilẹ̀ pupa mú dáadáa.

Kì í tiẹ̀ ṣe táyà nìkan. Ṣéènì ti dẹ̀, eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ ọn. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo fi ọ́ìlì pa á, mo ní kí wọ́n fà á le díẹ̀, ariwo kà-kà-kà yẹn dákẹ́. Mo ti ra géèjì tèmi náà, mò ń wọn afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kí táyà tó gbóná, torí fọkanáísà àdúgbò wa, ojú lásán ló fi ń wọ̀n ọ́n.

Mo ti ọ̀rọ̀ yìí pa síbí o. Táyà àtijọ́ wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi so jangirọ́fà fọ́mọ kó wá gbé e.