Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: alùpùpù two-stroke àtijọ́ wo ni kí n rà?

Arìnnàkore: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun alùpùpù, four-stroke nìkan ni mo mọ̀. Mo wá fẹ́ ra two-stroke àtijọ́ kan tí n ó máa gùn lójú títì, kì í ṣe èyí tí n ó gbé kalẹ̀ bí ọ̀ṣọ́. Yamaha RD350, Kawasaki H1 àti Suzuki GT750 ló wà lọ́kàn mi. Èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Baba Kabúrétọ̀: RD350 ni kí ẹ mú. Ọdún 1973 ló jáde, ó ní sílíńdà méjì tó jẹ́ 347 cc, jíà mẹ́fà, àti bíréèkì díìsì níwájú. Ẹ́ńjìnnì two-stroke máa ń tanná ní gbogbo ìgbà tí kíráńkì, ọ̀pá tí písítìn ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, bá yí lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí four-stroke ń dúró di ìyípo kejì, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kékeré fi ń lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń tòògbé tí ìyípo kò bá tíì pọ̀. Yamaha wá fi àwọn irin pẹlẹbẹ sẹ́yìn kabúrétọ̀, tí ń ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, tí ń pa dé kó má baà pọ̀ ọ́ padà, èyí sì ni kì í jẹ́ kí RD350 sùn lábẹ́ yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Síbẹ̀, tí abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì bá ti ń lọ sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ariwo á yí padà, ìdí yín á sì sún sẹ́yìn lórí ìjókòó.

Olóòótọ́-Ọ̀nà: Mo fara mọ́ ohun tí Baba wí nípa H1. Àbí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ fún wọn: sílíńdà mẹ́ta, 498 cc, agbára ẹṣin 60 ní ọdún 1969, pẹ̀lú bíréèkì díróòmù àti férémù tí kò tó o gbé. Kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí four-stroke. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn lẹ ń lọ, GT750 ni tèmi. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kì í sì í gbọ̀n. Ó wúwo púpọ̀, Water Buffalo ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é.

Àgbà Mẹkáníìkì: Ẹ má wo ọ̀dà, ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí etí kíráńkì kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ má baà gba ibẹ̀ wọlé, ni kí ẹ wò. Alùpùpù tó ti dúró fún ọdún púpọ̀, rọ́bà rẹ̀ á ti gan. Tí ti ìhà jíà bá ti bàjẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa fa ọ́ìlì jíà mu, èéfín funfun kò sì ní í dáwọ́ dúró bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti gbóná. Tó bá jẹ́ ti òdìkejì, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé, epo á kéré, pílọ́ọ̀gì á funfun báláú dípò kó pupa rúsúrúsú, kò sì ní í pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi máa nọ́ọ̀kì. Tèmi nọ́ọ̀kì lórí eré: táyà ẹ̀yìn dúró gan-in lójijì, kílọ́ọ̀ṣì tí ìka mi ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló yọ mí.

Arìnnàkore: Ẹ ṣeun gan-an, RD350 ni n ó wá. Ṣé kí n yọ páńpù ọ́ìlì rẹ̀ kúrò, kí n máa fọwọ́ po ọ́ìlì mọ́ epo?

Àgbà Mẹkáníìkì: Ẹ má yọ ọ́. Páńpù yẹn ń wo eré ẹ́ńjìnnì àti bí ẹ ṣe yí ọwọ́ iná tí ẹ fi ń sáré tó, ó sì ń fún un ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ àpòpọ̀, tí ẹ bá dá ọwọ́ iná padà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, ọ́ìlì díẹ̀ ló ń wọlé nígbà tí písítìn ṣì ń sáré. Wáyà ni kí ẹ yẹ̀ wò: ẹ ṣí ìdérí páńpù, kí ẹnìkan máa yí ọwọ́ iná díẹ̀díẹ̀. Tí ọwọ́ iná bá ti gbéra tí páńpù kò tẹ̀lé e, wáyà ti dẹ̀, ẹ fà á le kí ẹ tó tanná rárá.