Ṣé ọ́pṣọ̀n tó kúrú jù ni ká máa mú ní sentence correction?

tẹ̀síwájú22:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ sentence correction yìí, ìbéèrè ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ní ká mú gbólóhùn tó tọ́ jù, ti fẹ́ sú mi. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé èyí tó bá ti kúrú jù ni kí n máa mú, àtìgbà yẹn ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà míì á bọ́ sí i, nígbà míì màá kàn kùnà léraléra. Ẹ wo èyí tí mo ṣe lánàá:

"Having read the report, the decision was clear."
"Having read the report, the director saw that the decision was clear."

Èyí àkọ́kọ́ ni mo mú torí ó kúrú ó sì dùn létí, wọ́n ní mo kùnà. Kí ló ṣe é gan-an?

ọmọ_gírámà:
Bi ara ẹ pé, ta ló ka report yẹn? Nínú èyí tó o mú, "the decision" ló tẹ̀lé kọ́mà, Gẹ̀ẹ́sì á sì gbà pé òun ló kà á. Ìpinnu kì í kàwé. Tí gbólóhùn bá ti fi "having" tàbí ọ̀rọ̀ oní -ing bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ẹni tó ṣe nǹkan náà gan-an ló yẹ kó tẹ̀lé kọ́mà, ìdí tí wọ́n fi mú "the director" wọlé nìyẹn bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó gùn sí i.

Èmi kì í wo gígùn rárá níbẹ̀rẹ̀. Màá kọ́kọ́ yọ gbogbo èyí tó bá ní àṣìṣe gírámà, màá wá wo èyí tó bá yí ìtumọ̀ padà, tó bá wá ku méjì tí wọ́n ń sọ nǹkan kan náà, ìgbà yẹn ni màá mú èyí tó kúrú. Bí àpẹẹrẹ:

"The reason the bridge was closed is because of the fact that its cables had rusted."
"The bridge was closed because its cables had rusted."

"Reason" ti sọ pé ìdí nìyí, "because" tún sọ ọ́, "the fact that" ò sì fi nǹkan kan kún un. Ibí yìí ni kíkúrú ti wúlò.

àbẹ̀kẹ́_kàwé:
"Ó dùn létí" tó o sọ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú Yorùbá, ọmọ náà lọ, àwọn ọmọ náà lọ, "lọ" yẹn ò yí padà, torí náà etí wa ò kọ́ wa ní ìyàtọ̀ "was" àti "were" rárá. Wo èyí:

"The quality of the photographs taken by the two cameras were poor."

Etí á gbọ́ "cameras" á ní "were" dáa. Fi ọwọ́ bo gbogbo ohun tó wà láàárín, ó ku "the quality were poor", àṣìṣe ẹ̀ á yọjú sí ẹ. Àti pé "the number of" ẹyọ ló ń gbà, "a number of" ọ̀pọ̀. Mo pẹ́ kí n tó di ìyẹn mú.

tẹ̀síwájú22:
Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n tún ní kí n máa sá fún passive, ìyẹn gbólóhùn tó ń fi ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí ṣíwájú dípò ẹni tó ṣe é, ṣé òótọ́ ni?

ọmọ_gírámà:
Rárá o. "The bridge was closed" tí mo kọ sókè yẹn, passive ni, kò sì sóhun tó ṣe é, torí ọ̀rọ̀ ò kan ẹni tó tì í. Ìdánwò wo lò ń múra fún ná? GMAT, ìdánwò àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ business, ti yọ sentence correction kúrò nínú Focus Edition, ẹ̀yà ìdánwò náà tí wọ́n gbé jáde ní 2023, ṣùgbọ́n SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà, ṣì ń bèèrè gírámà.

tẹ̀síwájú22:
SAT ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí èyí tí mo kùnà lọ́sẹ̀ tó kọjá, "Walking to the library, the rain soaked her books." Òjò ló wá ń rìn lọ sí library yẹn! Mo ti rí i báyìí.