Lórí orúkọ afirùfò: adúnídìí àti abilà-nídìí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe Dicyrtomina ornata àti Dicyrtomina saundersi, àwọn afirùfò (ẹ̀dá kéékèèké bíi kòkòrò tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní springtail) roboto méjì tí ó wọ́pọ̀ lára ewé jíjẹrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà òtútù, ní "alámì-ẹ̀yìn". N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí afirùfò fúnra rẹ̀, torí pé ẹ̀yà ara bí ìrù tí ó ká sábẹ́ ikùn ni wọ́n fi ń ta ara wọn sókè (afirùta tí ẹnìkan mú wá yóò jẹ́ kí á máa wá àkeekèé kiri).

Alámì-ẹ̀yìn ni kò lè ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni ó ní àmì dúdú ní ìdí, bí àmì náà sì ṣe rí gan-an ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Bí a bá fi dígí tí ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n, nítorí wọn kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ, a ó rí i pé ti ornata dú látòkè délẹ̀ láìní àlàfo, nígbà tí ti saundersi pín sí ilà ìbú, tí àwọ̀ ìyeyè sì ń yọ láàárín wọn. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá adúnídìí fún ornata àti abilà-nídìí fún saundersi.

Ẹni tí ó fẹ́ aláàbàjà rí nǹkan wò, torí ilà ìbú ni àbàjà. Ṣùgbọ́n àbàjà ní iye tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ó sì ń sọ ìran ẹni. Abilà kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀: ẹran ọ̀sìn ni a ń pè bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó wà nínú ìtàn Jákọ́bù àti Lábánì. A kò sì lè yọ "nídìí" kúrò, nítorí Entomobrya multifasciata, afirùfò mìíràn tí orúkọ Látìn rẹ̀ túmọ̀ sí ọlọ́jàá púpọ̀, ni ilà ìbú gba gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ kan.

Àwọn tí ojú ń tì láti dárúkọ ìdí lè yan adúlẹ́yìn, àmọ́ bí ẹnìkan bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, eyín dúdú ni òǹkàwé yóò rò.

Àwọ̀ àwọn ọmọ wọn kì í tíì hàn dáadáa, ọtí tí a fi ń tọ́jú òkú wọn sì máa ń ṣí àwọ̀. Kí á kọ "àgbà, láàyè" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ méjèèjì nínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, kí èyí tí àmì rẹ̀ kò bá hàn sì máa jẹ́ Dicyrtomina lásán.