"Ògbólógbòó" kọ́, "àwòtúnwò" ni

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ìjẹta lórí orúkọ tó yẹ ká máa pe irú fíìmù tí Òyìnbó ń pè ní classic, èyí tó ti pẹ́ àmọ́ táráyé ṣì ń wò. Ẹnì kan ní "fíìmù àtijọ́", òmíì ní "ògbólógbòó fíìmù", àǹtí wa kan wá mú "àwòmálelọ" wá. Casablanca, fíìmù ìfẹ́ ti Hollywood, ni gbogbo wa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, èmi náà ò ní kúrò níbẹ̀.

"Àtijọ́" ò lè ṣe é, ọjọ́ orí nìkan ló sọ. Fíìmù tí wọ́n ṣe ní Hollywood lọ́dún 1942 tí Casablanca kọ́kọ́ jáde ò lóǹkà, gbogbo wọn ló ti di àtijọ́, mélòó la ṣì ń dárúkọ nínú wọn? "Ògbólógbòó" ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ fún olè, etí ò lè gbà á lára ìtàn ìfẹ́ láéláé.

"Àwòmálelọ" ló jẹ́ kí n ronú, torí ó dùn lẹ́nu. Àmọ́ ẹwà la fi ń kì, ohun tí ojú rí lẹ́ẹ̀kan tí ẹsẹ̀ ò lè kúrò níwájú ẹ̀. Casablanca kọ́ nìyẹn. Èèyàn á wò ó tán, á dìde, á lọ, ìgbà tó bá yá láá padà wá. Inú ìtàn náà gan-an, lílọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, ìwé tí wọ́n máa fi jáde ní Mòrókò dé Lisbon kí wọ́n lè rọ́nà dé Amẹ́ríkà ni àwọn tó sá fún Ogun Àgbáyé Kejì ń wá, nígbẹ̀yìn Rick, onílé ọtí tó fẹ́ràn Ilsa dénú egungun, ló tún ní kó tẹ̀ lé ọkọ ẹ̀, Laszlo, wọ bàálù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú "àwòtúnwò" wá. Bùrọ̀dá kan ti ní ó jọ "àsọtúnsọ", pé ohun tó ti sú èèyàn ló máa dà bíi. Mo gbọ́, sà, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ téèyàn ti gbọ́ ti tán létí, ohun tí à ń wò, ojú ò lè kó o tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, Rick àti Ilsa nìkan ni mo rí. Ìgbà kejì ni mo tó fara balẹ̀ wo ibi táwọn sójà Jámánì ti ń kọrin nínú ilé ọtí Rick, tí Laszlo ní káwọn onílù lu orin orílẹ̀-èdè Faransé, tí gbogbo ilé fi ohùn bo tàwọn sójà mọ́lẹ̀, tí ọmọbìnrin kan ń kọ ọ́ pẹ̀lú omi lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá mọ̀ pé òṣèré ará Faransé kan, Madeleine Lebeau, ni, òun àti ọkọ ẹ̀, Marcel Dalio, tóun náà wà nínú fíìmù yẹn, ti sá kúrò ní Paris lọ́dún 1940 nítorí ogun. Conrad Veidt tó ṣe ọ̀gá Násì pàápàá, àwọn Násì ló jẹ́ kó kúrò ní Jámánì. Ogunléndé! Ẹ wo ọ̀rọ̀ Yorùbá bó ṣe mọ́ gaara, ogun ló lé wọn dé, àwa tí ogun ti lé àwọn baba ńlá wa láti ìlú dé ìlú ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Ìgbà kẹta tí mo wo ibẹ̀, mi ò rò pé eré ni wọ́n ń ṣe mọ́, omijé bọ́ lójú mi.

Kó tó di pé mo dákẹ́: gbólóhùn tí gbogbo ayé sọ pé ó wà nínú fíìmù yẹn, pé kí Sam, olórin ilé ọtí Rick, *tún* orin ẹ̀ kọ, kò sí níbẹ̀ o. Ilsa ní kó kọ ọ́, kò ní kó tún un kọ. Àwa òǹwòran la fi "tún" sí i lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ téèyàn káàkiri ayé ti fọwọ́ ara wọn fi kún fíìmù yìí, òun náà ló wà láàárín "àwòtúnwò", ẹ jẹ́ ká gbé e wọlé, ká sì kọ ọ́ pa pọ̀, láìfi àmì là á.