Fóònù ni mo fi kọ ìwé orin Ẹ̀fẹ̀ ìyá mi àgbà

Láti Kétu:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Aṣọ ni mò ń rán lẹ́bàá ọjà Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo ní. Ìyá mi àgbà ló mọ orin Ẹ̀fẹ̀, orin àwàdà òru inú eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ju gbogbo agboolé wa lọ. Obìnrin ni, kò lè gbé agọ̀ Ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n orin tó bá ti gba etí rẹ̀ kọjá, ó ti wọlé sùn nìyẹn. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún aráyé ní 2001, a jó, a yọ̀. Kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ ìyá arúgbó láti kọ orin inú rẹ̀ sílẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù nìyẹn. Bí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, màá gbọ́ ìlà kan, màá tẹ ìlà kan. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko. Lẹ́tà ló kọ́kọ́ fẹ́ dá mi dúró. Níbi tí mo ti kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, álífábẹ́ẹ̀tì ìjọba Benin, ti 1975, ni wọ́n fi kọ́ wa: ɛ, ɔ, kp, sh. Àwọn ará wa ní Ìmẹ̀kọ, lódì kejì ààlà ní Nàìjíríà, ẹ, ọ, p, ṣ ni tiwọn. Ta ni màá kọ ọ́ fún? Àbúrò mi fi Gboard, áàpù tí a fi ń tẹ lẹ́tà, sórí fóònù mi, ó yan Yorùbá, mo rí ẹ àti ọ níbẹ̀, mo bá wọn lọ. Olùkọ́ mi kò tíì dárí jì mí.

Mo gbé fáìlì lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan l'Ájàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀gá yẹn kò bi mí léèrè, ogójì ẹ̀dà ló tẹ̀. Mo ṣí i, ibì kan ti di àpótí òfìfo, ibòmíì àmì ìdí lẹ́tà ti já bọ́. Ibi tí Ẹ̀fẹ̀ ti ń bú ọ̀lẹ, "ole" lásán ló wà níbẹ̀, ẹni tó kà á sì pè é ní olè. Ará àdúgbò kan wá bi mí pé ta ni mò ń pè lólè!

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ọ́ di PDF lórí fóònù yín, kí lẹ́tà wọ inú rẹ̀ tán. Tó bá jẹ́ WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, ẹ má yà á ní fọ́tò. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ títí yóò fi ṣú.

1,000 sẹ́fà ni mò ń tà á. Owó ń gba MoMo, owó orí fóònù, wọlé láti Kùtọnù àti Sábẹ̀, èmi náà á tari PDF. Ti Ìmẹ̀kọ ni wàhálà, àwọn alájàpá ló ń bá mi gbé náírà bọ̀. Kí n má purọ́, ẹnì kan á rà, ogún á kà. Mo bínú títí. Ìgbà tí mo wá fi ohùn ìyá mọ́ orin kọ̀ọ̀kan, àwọn tó jí i kà gan-an ló ń pè mí pé àwọn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Láti Àjàṣẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí mi. Tèmi, ìwé àfọwọ́kọ bàbá mi ni mo yà ní fọ́tò, ojú-ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Áàpù tó ń sọ fọ́tò di ọ̀rọ̀ ka Faransé inú rẹ̀ dáadáa. Ó dé orí Yorùbá, ó ń họra. Èmi náà ni mo padà jókòó tẹ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dà mélòó lẹ ń tẹ̀ báyìí?

Láti Kétu:

Àbúrò mi, ẹni mẹ́wàá bá san, mo tẹ mẹ́wàá. Mi ò ṣe ti ogójì mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oní sẹ́mìjáǹ kan, ọlọ́kadà tiwa níbí, gbé ìyá àgbà lọ sọ́jà, ohùn ìyá ló ń dún lórí fóònù rẹ̀. Ìyá ní kó dúró. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tán, ó délé, ó ní mo fo ìlà kan nínú orin kejìlá. Mo ṣí fóònù, mo fi í síbẹ̀ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ kọ sí mi kí n fi tuntun ránṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jí i, ẹ̀yin náà ẹ kọ sí mi.